Wáípà Chevrolet 3100 ọdún 1953 máa ń dúró tí mo bá tẹ iná: ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n sọ ọ́ di oníná?

Ọkọ̀Àtijọ́_Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ní Chevrolet 3100 ọdún 1953 kan tí mo ń tún ṣe nílé. Gíláàsì iwájú rẹ̀ ṣì jẹ́ oníméjì, tí irin pín wọn láàárín. Ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní 216 ló ṣì wà nínú rẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ fóòtì 6. Bíréèkì rẹ̀ ń mú, jíà rẹ̀ ń wọlé, iná iwájú ń tàn. Wáípà nìkan ló kù tí mi ò tíì rí ojútùú sí.

Wáípà náà kì í ṣe oníná. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà ló ń darí rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnì ń yí jẹ́jẹ́, á máa nu gíláàsì dáadáa. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń gun orí òpópónà I-10 tí mo tẹ iná kí n lè bá àwọn ọkọ̀ yòókù rìn, wáípà á falẹ̀, á sì dúró gbọnin láàárín gíláàsì. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á tún gbéra, á wá máa sáré àsápajúdé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Houston mọ irú òjò tó ń ti apá òkun wá síbí. Mo máa ń fi ọkọ̀ yìí gbé àwọn ọmọ mi, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Mo ti rí kíìtì oníná tí wọ́n ń tà fún un. Ṣé kí n rà á, àbí kí n tún èyí tó bá a ti ilé iṣẹ́ wá ṣe?

Réwáyà_Mọ́kọ́lá

Àbúrò, o kú ìnáwó. Iṣẹ́ rẹ́wáyà ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi ní Ìbàdàn, mo sì bẹ̀ ọ́, má tíì ra nǹkan kan. Dá mi lóhùn ná. Ẹsẹ̀ bátìrì wo ni wọ́n so mọ́ bọ́dì ọkọ̀, ṣé nẹ́gétíìfù ni àbí pósítíìfù? Rọ́bà tó ti ẹ́ńjìnì wá sídìí mọ́tò wáípà ńkọ́, ṣé ó ti gbẹ, ṣé ó ti ń sán? Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti àwọn apá. Tú ọ̀pá tó so wáípà mọ́ mọ́tò kúrò, kó o wá fi ọwọ́ ti wáípà kọ̀ọ̀kan lọ, kó o tì í bọ̀. Ṣé ó ń lọ wẹ́rẹ́, àbí ó le?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá bá mi pé mọ́tò wáípà ti kú, mọ́tò kò kú rárá. Ìdí wáípà, níbi tí irin ti yọ jáde lára bọ́dì, ló ti dógùn-ún. Tí o bá wá so mọ́tò oníná tuntun mọ́ ìdí tó le bẹ́ẹ̀, mọ́tò á máa gbóná, á sì jó. Owó á lọ, ìṣòro á kù.

Gáráàjì_Dallas

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ bàbá. Nígbà tí písítìn bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé gba inú kàbúrétọ̀. Tí ẹ kò bá tẹ iná, ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ tó wà nínú kàbúrétọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Písítìn ń fà, afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, ìfà inú mánífóòdù, ìyẹn páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti kàbúrétọ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnì, á wá le gan-an. Rọ́bà tín-ínrín kan ló ń gbé ìfà yẹn lọ sínú mọ́tò wáípà. Bí ẹ bá tẹ iná dé ìsàlẹ̀, ìlẹ̀kùn á ṣí gbayawu, afẹ́fẹ́ á rọ́ wọlé, ìfà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìgbà tí ẹ nílò wáípà jù, nígbà tí ẹ fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ tàbí tí ẹ ń gun òkè, ìgbà yẹn gan-an ni kì í rí agbára lò.

Nítorí náà, kó falẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ iná kì í ṣe àìsàn, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n kó dúró pátápátá nígbà tí ẹ kàn tẹ iná díẹ̀, ó ní ohun tó ń dí i lọ́wọ́.

Ẹ wá géèjì ìfà, ẹ so ó mọ́ mánífóòdù. Nítòsí òkun bíi Houston, ẹ́ńjìnì tó dá ṣáṣá yẹ kó fi ínṣì mẹ́kúrì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìfà) 17 sí 21 hàn nígbà tó bá ń yí jẹ́jẹ́. (Ẹni tó bá ń gbé Denver á rí èyí tó kéré sí i, nítorí ibẹ̀ ga.) Lẹ́yìn náà, ẹ yọ rọ́bà kúrò lẹ́nu mọ́tò wáípà, kí ẹ fi àtàǹpàkò dí i. Bí ẹ́ńjìnì bá wá yí dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a jẹ́ pé inú mọ́tò wáípà ni afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé. Rọ́bà tí ẹ máa rà, èyí tí wọ́n ṣe fún wáípà, tí ihò rẹ̀ jẹ́ ínṣì 7/32, ni kó jẹ́. Rọ́bà tó rọ̀ jù, ìfà á lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ọmọ_Awakọ̀_Ọ̀yọ́

Ọ̀rọ̀ yín rán mi létí bàbá mi. Bedford bọ́lẹ̀kájà ni wọ́n wà láàárín Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn, ọkọ̀ onípákó tí wọ́n kọ̀wé sí níwájú àti lẹ́yìn. Tí wáípà bá dákẹ́ nínú òjò, ọmọ ọkọ̀ á bọ́ sílẹ̀, á ki ewé tábà mọ́lẹ̀ sínú omi, á fi pa gíláàsì látòkè délẹ̀ kí omi má baà máa dúró lójú rẹ̀. Ó máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀, wọ́n á fi rọra wọ́ dé ibi tí wọ́n ti lè dúró. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ìyẹn tàn yín jẹ lórí I-10. Bedford bàbá mi kì í sáré, ọkọ̀ ojú ọ̀nà náà kò sì pọ̀ tó ti ìsinsìnyí. Ẹ tún wáípà ṣe.

Prefect_Peckham

London ni mo wà. Èmi kò ní Chevrolet, Ford Prefect 100E ni tèmi, ṣùgbọ́n wáípà afẹ́fẹ́ kan náà ló ní, ìyà kan náà ló sì fi jẹ mí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi táǹkì irin kékeré kan sáàárín mánífóòdù àti wáípà, mo sì fi fáàfù ọlọ́nà-kan sẹ́nu rẹ̀ ní apá mánífóòdù. Nígbà tí ìfà bá le, táǹkì náà á pamọ́ díẹ̀. Tí mo bá tẹ iná, fáàfù á pa dé, wáípà á wá máa jẹ ohun tó wà nínú táǹkì. Kò lè gbé èèyàn gun òkè gígùn, ṣùgbọ́n ó tó láti ya bọ́ọ̀sì kan sílẹ̀. Ẹ má lo kẹ́ẹ̀gì oníke o, ìfà á fún un pọ̀.

Ọkọ̀Àtijọ́_Houston

Ẹ ṣé gan-an. Bàbá, nẹ́gétíìfù ni wọ́n so mọ́ bọ́dì. Rọ́bà ti gbẹ, ó sì ti sán níbi tó ti gba inú páànù tó pààlà ẹ́ńjìnì àti inú ọkọ̀ kọjá. Mo tú ọ̀pá kúrò gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Wáípà ọwọ́ èrò ń lọ, tọwọ́ awakọ̀ le débi pé ọwọ́ méjì ni mo fi tì í. Géèjì fi 18 hàn, kò sì mì.

Réwáyà_Mọ́kọ́lá

O ti rí i báyìí. Ẹ́ńjìnì rẹ dá ṣáṣá, ìfà wà. Kí ìfà yẹn tó dé mọ́tò, rọ́bà ti jò ó dànù. Èyí tó kù tó dé ibẹ̀, ìdí wáípà tọwọ́ awakọ̀ gbé e mì.

Tú ìdí wáípà náà jáde pátápátá, má ṣe é níbi tó wà lára ọkọ̀. Ta òróró tó ń tú irin tó dógùn-ún sí i, jẹ́ kó sùn mọ́jú. Fi ọwọ́ yí i lọ, yí i bọ̀, má fi òòlù lù ú, nítorí irin ìgbàanì lè sán. Tó bá ti tú, nu gbogbo dọ̀tí àti gíríìsì àtijọ́ tó ti di amọ̀ kúrò, kó o wá fi gíríìsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tuntun sí i. Ó gbọ́dọ̀ máa fi ìka kan lọ. Bí ihò rẹ̀ bá ti fẹ̀ tí irin ń mì lọ mì bọ̀ nínú rẹ̀, wá òmíràn. Wo rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà nídìí rẹ̀ lóde pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọ ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù. Bákan náà ni kó o ṣe ti ọwọ́ èrò, bó tilẹ̀ ń lọ.

Tí o bá fẹ́ dán wáípà wò, da omi sójú gíláàsì. Wáípà tó ń nu gíláàsì gbígbẹ ń jìyà, ó sì ń fá gíláàsì.

Gáráàjì_Dallas

Nígbà tí ẹ bá ti tú ibẹ̀, ẹ kúkú yọ mọ́tò náà jáde. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Trico ni wọ́n kọ sí i, ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York. Inú rẹ̀ kò ṣòro. Abẹ́bẹ̀ irin kan ló wà nínú ihò tó rí roboto ní ìlàjì, awọ ló sì yí etí abẹ́bẹ̀ náà ká kí afẹ́fẹ́ má baà yọ́. Ìfà á fà á lọ sápá kan, fáàfù kékeré kan á yí padà, ìfà á wá fà á sápá kejì. Lílọ àti bíbọ̀ yẹn ni ẹ ń rí lójú gíláàsì.

Awọ yẹn ló máa ń gbẹ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò ju kí ẹ kán òróró tí wọ́n ń yọ lára ẹsẹ̀ màlúù, èyí tí àwọn tó ń ṣe gàárì ẹṣin ń lò, sínú ihò rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí irin rẹ̀ lọ yí i bọ̀, kí ẹ sì fi sílẹ̀ kí awọ mu ún. Ẹ má lo òróró ẹ́ńjìnì, ẹ má sì fi pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, torí wọ́n máa ń ba awọ jẹ́. Bí òróró nìkan kò bá ṣe é, ẹ sàmì sí ìdérí rẹ̀ kí ẹ tó tú u, kí ẹ lè dá a padà bó ṣe wà. Ẹ fọ inú rẹ̀ mọ́, ẹ gún ihò afẹ́fẹ́ tó bá dí, ẹ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn sípíríǹgì kékeré tó ń yí fáàfù. Tí ọ̀kan bá fò bọ́ sílẹ̀, ẹ lè máà rí i mọ́.

Àdùnní_Katy

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ, mo sì gbà pé kí ẹ tún ìdí wáípà ṣe ná. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé ẹ ń gbé àwọn ọmọ, ẹ sì ń gun I-10. Lójú tèmi, ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀: ẹ sọ ọ́ di oníná. Mọ́tò afẹ́fẹ́ tó dára jù lọ láyé ṣì máa falẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ iná, Gáráàjì_Dallas ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Mọ́tò oníná kò mọ̀ pé ẹ tẹ iná. Láti January 2025 ni Texas kò ti béèrè àyẹ̀wò ààbò lọ́wọ́ ọkọ̀ àdáni mọ́, nítorí náà kò sí àyẹ̀wò ọdọọdún tó máa sọ fún yín pé wáípà yín kò ṣiṣẹ́. Ọwọ́ yín ni ojú àwọn ọmọ wà.

Ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń ra kíìtì. Ní ọdún 1954 ni Chevrolet fi gíláàsì ẹyọ kan tó tẹ̀ kọrọdọ dípò oníméjì lára irú ọkọ̀ yìí. Ọ̀tọ̀ ni kíìtì 1947 sí 1953, ọ̀tọ̀ ni ti 1954 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1955. Ẹ sì béèrè bóyá fóòtì 6 ni tàbí 12. Bíléèdì náà ńkọ́? Gíláàsì tiyín tẹ́ pẹrẹsẹ, bíléèdì tín-ínrín ti ìgbà yẹn ló bá a mu. Àwọn tuntun tó sanra kì í ráyè dáadáa lára apá kékeré bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn obìnrin tó ń ka èyí mọ nǹkan kan: obìnrin ará Alabama kan, Mary Anderson, ni ìjọba Amẹ́ríkà fún ní ìwé àṣẹ lórí wáípà ní ọdún 1903. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á láti inú ọkọ̀. A ti wà nídìí iṣẹ́ yìí tipẹ́.

Chevrolet_Pípé

Mi ò fara mọ́ ti Àdùnní o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀ mí lára. Ọkọ̀ tó pé ọdún 70 tó ṣì ní ohun tó bá a wá kò pọ̀ mọ́. Ọ̀nà kan wà tí kò ní yí i padà: pọ́ǹpù epo oníṣẹ́ méjì. Apá kan ń fa epo, apá kejì ń fa afẹ́fẹ́ fún wáípà. Nígbà tí ìfà mánífóòdù bá ti rẹlẹ̀, apá kejì yẹn á gbà á. Wọ́n ṣe é fún ẹ́ńjìnì Chevrolet onísílíńdà mẹ́fà nígbà náà, àwọn tó ń tún un ṣe sì ṣì wà. Ó bá ọjọ́ orí ọkọ̀ mu, ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ní rí nǹkan àjèjì.

Gáráàjì_Dallas

Òótọ́ ni, èmi náà fẹ́ràn pọ́ǹpù yẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ àìsàn rẹ̀ kí wọ́n tó rà á. Awọ rọ́bà kan ló wà nínú apá tó ń fa afẹ́fẹ́. Tó bá ya, ẹ́ńjìnì á máa gba ibẹ̀ fa òróró láti inú ikùn ara rẹ̀ wá jó. Èéfín búlúù á máa jáde lẹ́yìn, òróró á máa dín kù, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé ríǹgì písítìn ló ti jẹ. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ tú ẹ́ńjìnì odindi nítorí rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ fa rọ́bà tó lọ sí mánífóòdù yọ, ẹ dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá èéfín á dáwọ́ dúró. Tí ẹ bá sì gbé pọ́ǹpù fún ẹni tó ń tún un ṣe, ẹ béèrè bóyá rọ́bà inú rẹ̀ lè fara da ethanol, irú ọtí kan, tó wà nínú epo Amẹ́ríkà báyìí.

Ọkọ̀Àtijọ́_Houston

Mo ti tú ìdí wáípà méjèèjì, mo fọ̀ wọ́n, mo fi gíríìsì sí i. Wọ́n ń fi ìka kan lọ báyìí. Rọ́bà tuntun ti wọlé, awọ mọ́tò ti mu òróró. Ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Láàárín àdúgbò, wáípà kò dúró mọ́ rárá. Tí mo bá gun orí I-10, ó ṣì ń falẹ̀, ó sì máa ń dúró tí mo bá tẹ iná dé ìsàlẹ̀.

Mo ti bá ìyàwó mi sọ ọ́. Mo máa ra oníná fóòtì 6, mi ò ní dá ihò tuntun kankan sára bọ́dì, mo sì máa tọ́jú Trico yẹn sínú páálí pẹ̀lú gbogbo bóòtù rẹ̀. Chevrolet_Pípé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Bàbá, báwo ni kí n ṣe gbé wáyà rẹ̀?

Chevrolet_Pípé

Mi ò bínú, àbúrò. Níwọ̀n ìgbà tí o kò bá ti gé bọ́dì, ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ lọ́la lè dá a padà.

Réwáyà_Mọ́kọ́lá

Gbọ́ mi dáadáa. Fóòtì 6 ń béèrè wáyà tó nípọn ju ti fóòtì 12 lọ. Mọ́tò tó ń lo wáàtì 24, áńpù 4 ló máa fà lórí fóòtì 6, áńpù 2 péré lórí 12. Tí o bá lo wáyà tín-ínrín, iná á ti kú sójú ọ̀nà kó tó débẹ̀, wáípà á máa wọ́, o máa wá sọ pé kíìtì kò dára.

Wáyà tiẹ̀ ní ọ̀tọ̀, láti ibi kọ́kọ́rọ́, pẹ̀lú fíùsì tiẹ̀. Má so ó mọ́ wáyà iná iwájú. Ìwọ̀n fíùsì tí wọ́n kọ sínú ìwé kíìtì ni kó o lò. Bí ó bá ń já, má fi èyí tó tóbi sí i. Mọ́tò tí wáípà rẹ̀ há máa ń fa iná ju ti ìgbà tó ń yí lọ, fíùsì yẹn ló ń sọ fún ọ pé nǹkan há. Ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bọ́dì, náà ṣe kókó. Ọkọ̀ tí o ń tún ṣe, o ti kun ún lọ́dà, ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ha ọ̀dà kúrò níbi tí mọ́tò ti jókòó, tàbí kó o fa wáyà ẹ́ẹ̀tì kan láti ara mọ́tò lọ sí bọ́dì tó mọ́.

Wáyà kan á tún wà tó gbọ́dọ̀ ní iná ní gbogbo ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títan, bó o tilẹ̀ pa súwíìṣì wáípà. Òun ló ń gbé wáípà padà sùn sí ìsàlẹ̀ gíláàsì. Tí wáípà bá ń dúró níbikíbi tó bá wà nígbà tó o pa á, wáyà yẹn ni kó o kọ́kọ́ wò. Jẹ́ kí mọ́tò yí, kó o pa á kó lọ sùn, kó o TÓ de apá wáípà mọ́ ọn. Bí o bá de apá ná, ó lè gbá irin àárín gíláàsì.

F100_Chicago

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ford F-100 ọdún 1956 ni mo ní, wáípà afẹ́fẹ́ ni òun náà ní, mo sì fẹ́ sọ ọ́ di oníná. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé fóòtì 6 ni, pé pósítíìfù ni wọ́n so mọ́ bọ́dì. Ṣé kíìtì kan náà ni?

Réwáyà_Mọ́kọ́lá

Kì í ṣe kíìtì kan náà. Bákan náà, má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á gbọ́ kó o tó wò ó fúnra rẹ. Ford 1955 sẹ́yìn ló ń lo fóòtì 6 tí pósítíìfù rẹ̀ wà lára bọ́dì. Láti 1956 ni wọ́n ti lọ sí fóòtì 12, tí nẹ́gétíìfù sì wá wà lára bọ́dì. Ó lè jẹ́ pé ọdún ọkọ̀ náà ni wọn ò sọ dáadáa, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ti yí wáyà rẹ̀ padà láti ìgbà náà. Fi mítà wọn bátìrì, kó o sì fi ojú ara rẹ rí ẹsẹ̀ tó lọ sí bọ́dì.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé mọ́tò wáípà tó ní òòfà inú máa ń yí sẹ́yìn tí o bá yí ẹsẹ̀ bátìrì padà. Á ṣì máa nu gíláàsì, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó lọ sùn lè dàrú. Àwọn tí wáyà wé sínú wọn dípò òòfà kì í bìkítà. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á fún ọ èyí tó jẹ́ kó o tó sanwó. Tí o bá ti wọ̀n ọ́n, ya àwòrán ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù láti abẹ́, kó o fi ránṣẹ́ síbí, kí n wo ibi tí wáyà á gbà.